Alásárì Ni Mo Sọ fún Wọn

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, àti irọ́ méjì tí mo pa fún wọn láàárín ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Àwọn irọ́ tí mo pa fún ẹlòmíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí ò sí nínú kíkà. Mo ti gbìyànjú lọ́pọ̀ ìgbà láti sọ ọ́ bí ẹni pé nǹkan kan ló kàn ṣẹlẹ̀ sí mi, kò bọ́ sí i rárá. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ sí mi. Èmi ni mo ṣe é, ojú mi là, orí mi pé, ọkàn mi tiẹ̀ balẹ̀ nígbà tí mò ń ṣe é lọ́wọ́.

Ìwó ni mo ń gbé. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ láyé àtijọ́ ni mo ti ń kọ́ ọmọ lórin. Sẹ́lò ni mò ń ta, ìyẹn fayólìn ńlá tí èèyàn máa ń fi sáàárín orúnkún méjèèjì kó tó fi ọ̀pá fa okùn rẹ̀. Ilé akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti bí bàbá mi. Ọmọ Kuta ni ìyá mi, ilé mùsùlùmí ni wọ́n ti jáde. Wọ́n tẹ̀ lé bàbá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n fẹ́ ara wọn, kò sì sẹ́ni tó bá wọn jà lórí ẹ̀. Ìyá mi ti kú báyìí. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló kù, tí wọn ò kúrò ní Kuta láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Ìyá Kuta là ń pè wọ́n nílé wa.

Iṣẹ́ igbá ni Ìyá Kuta ń ṣe. Wọ́n á ra igbá tútù lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n á là á, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí inú rẹ̀ á fi rà, wọ́n á ha á, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á wá fi ọ̀bẹ kékeré fín ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi ará Kuta léèrè wọn, kì í ṣe igbá ló máa kọ́kọ́ sọ. Ìrántí wọn ló máa sọ. Bí àríyànjiyàn bá dé lórí ọjọ́ orí ẹnì kan, Ìyá Kuta ni wọ́n á ránṣẹ́ sí. Wọ́n mọ ọdún tí wọ́n bí ẹ, wọ́n mọ̀ bóyá òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ, wọ́n mọ ẹni tó wá àti ẹni tó bínú tí kò wá. Àwọn ni wọ́n máa ń ṣáájú àwọn obìnrin níbi àsàlátù lọ́jọ́ Sunday, gbogbo àdúà náà wà lórí wọn, wọn ò gbé ìwé dání rí. Ìwé wo ni wọ́n tiẹ̀ fẹ́ gbé, ẹni tí kò mọ̀wé kà?

Wọn ò ní aago. Ìrun márààrún ni aago wọn. Tí o bá ní o máa wá ní aago méjì, wọ́n á ní, "Ṣáájú ayílà ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?" Tí o bá ní aago mẹ́rin ààbọ̀, wọ́n á ní, "Ìyẹn lẹ́yìn alásárì nìyẹn." Ohun tí wọ́n bá sì ti fi ìrun dì mọ́lẹ̀ báyẹn, ó tán. Mi ò rí i kí wọ́n pẹ́ rí, mi ò rí i kí wọ́n gbàgbé. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni mo bà jẹ́.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́rin la jọ máa ń ta orin pọ̀ nígbà náà: fayólìn méjì, fíólà kan, ìyẹn fayólìn tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀, èmi pẹ̀lú sẹ́lò mi. Ọ̀dọ́ ni àwọn mẹ́ta yòókù, èmi ni mo kọ́ méjì nínú wọn. Ìgbéyàwó àti ìdúpẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì la máa ń ṣeré níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń ta fayólìn àkọ́kọ́ mú ìwé orin kan wá, olùkọ́ rẹ̀ kan tó ti òkè òkun dé ló fún un. Ọkùnrin kan ní Mẹ́síkò ló kọ ọ́. Ijó àwọn tó ti wà lórí ilẹ̀ Mẹ́síkò kí àwọn ará Sípéènì tó dé ibẹ̀ ló gbé orin náà lé. Àgbọ̀nrín ni wọ́n ń jó. Oníjó á de orí àgbọ̀nrín mọ́rí, á so ilé kòkòrò labalábá tí wọ́n ti rọ òkúta wínníwínní sí nínú mọ́ ẹsẹ̀, kó lè máa dún ṣáráṣárá. Á wá di ẹran: á jẹko, á gbórí sókè, á tẹ́tí, á sá, wọ́n á sì pa á níkẹyìn. Àwọn onílù á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á dojú ààbọ̀ igbá dé orí omi, á máa fi igi lù ú.

Ọkùnrin tó kọ orin yìí kó gbogbo ohùn ijó náà lé okùn wa lọ́wọ́, àfi igbá yẹn nìkan ló fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó kọ ọ́ sókè ìwé pé igbá gidi ni òun ń fẹ́, omi gidi. A wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí igi kọ́kọ́ kan igbá lórí omi, orí mi wú. Kuta ni mo gbọ́! Tí a bá lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ Ìyá Kuta nígbà tí a wà ní kékeré, tí wọ́n bá ń rẹ igbá, wọ́n máa ń dojú ọ̀kan dé orí omi, wọ́n á fi àkísà wé igi, wọ́n á máa lù ú, àwa ọmọdé á máa jó nínú ẹrẹ̀. Kò sí orò kankan nínú ẹ̀. Eré àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ omi ni.

Àwa fúnra wa kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ̀sín! Igbá tiwa á fì sọ́tùn-ún, á mumi, á rì. Ẹni tó ń ta fíólà lù ú títí aṣọ rẹ̀ fi tutù délẹ̀. Mo wá ní, "Mo mọ obìnrin kan tó ń ta igbá ní Kuta, ó lè mọ̀ ọ́n lù." Ẹ wo ohun tí mo sọ. Obìnrin kan tó ń ta igbá. Mi ò gbèrò ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, ó kàn jáde lẹ́nu mi ni, mi ò sì dá a padà.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n wá fún ìgbáradì, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n gun ọ̀kadà wá láti Kuta, pẹ̀lú igbá mẹ́ta nínú àpò. A ti pọnmi sínú bàsíà dè wọ́n, a sì gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n wo àga náà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n gbé bàsíà sáàárín. Wọ́n yọ agolo aṣáà wọn, wọ́n fín in símú, wọ́n sín lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kí Ọlọ́run ṣàánú gbogbo wa. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ní "Bísímílàhì," wọ́n sì kan igbá náà lẹ́ẹ̀kan.

Ohùn yẹn! Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán ní agboolé kejì, tí o ò rí wọn, tí ilẹ̀ kàn ń sọ fún ẹsẹ̀ rẹ. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta yẹn wo ara wọn. Mo ṣàlàyé fún Ìyá Kuta pé kí wọ́n máa wo orí mi, ibi tí mo bá ti mi orí ni kí wọ́n ti wọlé. Wọ́n ní, "Kí ni màá wo orí ẹ sí? Ṣé mi ò ní etí ni?"

A bẹ̀rẹ̀. A ò tíì dé ìdajì ojú ìwé kìíní tí wọ́n fi gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró, ẹ dúró ná. Kí ni ẹran yìí ń sá fún?"

Mo ní, "Ọdẹ ni, Ìyá."

"Ṣé ó ti rí ọdẹ ọ̀hún?"

"Rárá o, ó di ojú ìwé kẹta."

"Kí ló wá ń kánjú sí? Ẹran tí kò tíì rí ọdẹ, ṣebí ìjẹ ló ń jẹ. Ẹ jẹ́ kó jẹun!"

Àwọn mẹ́ta bú sẹ́rìn-ín. A tún un bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, orin náà sì dìde dúró fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti ń fà á. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Inú mi ò dùn. Mo máa ń bínú kíá, wọ́n bí i mọ́ mi ni, ó sì dùn mí pé ẹni tí kò mọ ìwé orin kà ló tún mi ṣe lójú àwọn tí mo kọ́. Ìyá Kuta ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo bínú. Wọ́n kọjú sí àwọn ọ̀dọ́ yẹn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bó ṣe máa ń kánjú nìyẹn láti kékeré. Kò lè ní sùúrù kó dé ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo ẹní ilé mi ló tọ̀ sí."

Ẹni tó ń ta fíólà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Ó ní, "Háà, màmá yín ni wọ́n?" Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, pé ìbátan ìyá mi kan tó jìnnà díẹ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́ kí Ìyá Kuta má baà gbọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi nígbà tí mò ń sọ ọ́, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ dáadáa ni.

Ìgbáradì mẹ́rin ni wọ́n wá. Níbi ìkẹyìn, mo ní kí wọ́n lu ti igbá nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ká a sílẹ̀ sórí fóònù mi, pé kí a lè máa fi ṣe ìdánrawò nílé. Ohun tí mo rò nìyẹn lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ níbẹ̀ yẹn ó kéré tán.

Ọjọ́ ayẹyẹ ilé ẹ̀kọ́ wa la fẹ́ ta orin náà. Aago méjì ọ̀sán Sátidé ni. Àwọn àgbà ìjọ ń bọ̀, àwọn òbí ń bọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan nínú ìmọ̀ orin sì ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ọjọ́ ń sún mọ́lé. Mo ń rí Ìyá Kuta nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí pèpéle, ẹsẹ̀ ní nínà, pẹ̀lú agolo aṣáà. Mo ń gbọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n máa sín. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe máa dá wa dúró lójú ọ̀jọ̀gbọ́n, tí wọ́n á ní kí àgbọ̀nrín jẹun. Mo sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹní.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni o. Ìwó ni mo ń sọ yìí, kò sí ilé tí kò ní mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ tó jọ ń jẹun pọ̀. Kò sí ẹni tí "Bísímílàhì" kan máa yà lẹ́nu nínú gbọ̀ngàn yẹn. Èmi ni. Níbikíbi tí Ìyá Kuta bá wà, mo máa ń di ọmọ tó tọ̀ sẹ́ní, mo sì fẹ́ kí ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbàdàn bá mi pàdé bí ẹni tí kò tọ̀ sẹ́ní kankan rí láyé ẹ̀.

Mo mú ohùn igbá wọn tí mo ká sílẹ̀, mo ní sípíkà la máa fi gbé e jáde. "Bísímílàhì" wọn wà níbẹ̀rẹ̀ gan-an. Mo fi ìka gé e kúrò. Mo sọ fún àwọn mẹ́ta yòókù pé ara Ìyá ò yá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ayẹyẹ, mo lọ sí Kuta. Wọ́n ti kírun Jímọ̀ dé. Inú wọn ń dùn, wọn ò lè jókòó. Wọ́n mú igbá kan jáde láti abẹ́ aṣọ, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ wò ó títí wọ́n á fi dojú ẹ̀ bolẹ̀. Igbá tuntun ni, wọ́n ti fín ẹ̀yìn rẹ̀. Àgbọ̀nrín kan ló wà níbẹ̀, ó gbórí sókè, etí rẹ̀ méjèèjì dúró ṣánṣán, koríko wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ní kí n ya ẹran yín sí i. Kò tíì rí ọdẹ o." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n wá béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè. "Ọ̀la yẹn, ṣáájú ayílà ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Mo ní, "Lẹ́yìn alásárì ni, Ìyá. Ẹ kírun tán kí ẹ tó bọ́ sọ́nà, ẹ má kánjú."

Igbá yẹn wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo sọ ọ́. Irọ́ kìíní nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn kún. A jókòó ní aṣọ dúdú, sípíkà wà lẹ́yìn aṣọ títa. Orin náà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n igbá inú sípíkà ò mọ ẹni tó ń dúró dè. Ìyá Kuta máa ń gbọ́ wa, wọ́n á fà sẹ́yìn tí a bá fà sẹ́yìn. Ti ọjọ́ yẹn kàn ń lọ ní tiẹ̀ ni, àwa là ń sá tẹ̀ lé e. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó wúkọ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ọdẹ dé, ẹran sá, ẹran ṣubú, igbá dún lẹ́ẹ̀kan ìkẹyìn, gbogbo wa gbé ọ̀pá sókè kúrò lórí okùn. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Sípíkà wá sọ̀rọ̀. Ohùn Ìyá Kuta ni, ó rinlẹ̀, ó kún gbogbo gbọ̀ngàn: "Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi?"

Iwájú nìkan ni mo gé. Mi ò rántí gé ẹ̀yìn.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dára, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wó òrùlé. Wọ́n rò pé a mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni. Èmi ò lè gbé orí sókè. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ọ̀jọ̀gbọ́n wá bá mi. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Fayólìn yín dára, ṣùgbọ́n ẹni tó lu igbá yẹn ló mọ ibi tí orin náà ń lọ. Ta ni? Ṣé wọ́n wà níbí kí n kí wọn?" Mo ní ara wọn ò yá. Ó ní ó mà ṣe o, kí n bá òun kí wọn, òun á fẹ́ rí wọn lọ́jọ́ kan. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Aago mẹ́rin ò tíì lù.

Mo yẹ kí n ti lọ sílé, kí n má baà rí wọn. Sẹ́lò mi ni mò ń dì nígbà tí mo gbójú sókè, tí mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìró àti bùbá tuntun ni wọ́n wọ̀, wọ́n da ìborùn funfun bo èjìká, wọ́n lé tìróò. Igbá wà lórí wọn, wọ́n fi aṣọ mímọ́ dì í. Obìnrin méjì ń gbálẹ̀, àwọn àga ti wà lórí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Wọ́n ní, "Àwọn èèyàn dà?"

Àyè wà fún mi láti sọ òótọ́. Àyè tó pọ̀ wà. Mo lè ní, "Ìyá, mo ṣẹ̀ yín." Ṣùgbọ́n àwọn agbálẹ̀ ti gbójú sókè, ẹni tó ń ta fíólà sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ẹni tí mo sọ fún pé ara Ìyá ò yá. Inú bí mi. Sí ta ni? Mi ò mọ̀. Mo kàn gbọ́ ohùn ara mi tó lọ sókè: "Ìyá! Níbo lẹ wà láti ọ̀sán? Ṣebí ayílà ni mo sọ fún yín!"

Wọ́n gbé igbá sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. "Ayílà?"

"Ayílà ni o. Mo wá sí Kuta fúnra mi láti wá sọ ọ́."

"Alásárì ni mo mú lọ́kàn."

"Ẹ ti gbàgbé ni, Ìyá."

Irọ́ kejì nìyẹn. Wọ́n wò mí. Wọn ò wá irọ́ lójú mi, kò tiẹ̀ wá sí wọn lọ́kàn láti wá a níbẹ̀. Inú orí ara wọn ni wọ́n ń wò. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń padà lọ sí ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, tí wọ́n ń tú gbogbo ẹ̀ wò, ẹnu wọn ń mì díẹ̀díẹ̀ bíi ti ẹni tó ń ka tẹ̀síbà. Èrò kan ti dé bá wọn tí kò dé rí, pé orí àwọn lè máa já àwọn jù sílẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wò ó bó ṣe ń wọlé sí wọn lára.

Wọ́n ní, "Àgbà ti dé nìyẹn." Wọ́n wá fẹ́ kúnlẹ̀. Fún èmi! Ẹ̀gbọ́n ìyá mi! Mo sáré di apá wọn mú. Wọ́n ní, "Foríjì mí, ọmọ mi. Mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́."

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, Ìyá. Mo ti foríjì yín."

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu tí mo fi ń jẹun yìí ni mo fi sọ ọ́.

Kò ju oṣù méjì lọ tí ìyàwó ọmọ wọn, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ní Kuta, fi sọ fún mi pé Ìyá ti fi iwájú àsàlátù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gbàgbé àdúà sáàárín. Wọn ò gbàgbé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan rí! Nígbà tí àwọn ará ilé kan wá bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí, wọ́n ní kí wọ́n lọ bi ẹni tí orí rẹ̀ pé. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í so etí ìró wọn ní kókó. Kókó kan fún ẹni tí wọ́n fẹ́ kí, kókó kan fún igbá tí wọ́n rẹ sómi, kókó kan fún oògùn. Ìyàwó yẹn ní nígbà mìíràn kókó á tó márùn-ún, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ó mà ṣe o, àgbà ni. Ọdún méjì gbáko ni mo fi sọ pé àgbà ni. Tí Iléyá bá sì dé, wọ́n á fi ẹran ránṣẹ́ sí mi ní Ìwó pẹ̀lú iṣẹ́ ẹnu kan náà, pé kí n má bínú lórí ọjọ́ yẹn. Mo jẹ ẹran náà lọ́dún kìíní. Mo jẹ ẹ́ lọ́dún kejì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ni kò gbàgbé. Ó pè mí láìpẹ́ yìí, ó ní kí a wá ta orin àgbọ̀nrín ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n láìsí sípíkà o, kí a mú ìyá tó ń béèrè pé ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀ wá. Mo lọ sí Kuta. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń ha igbá. Kókó mẹ́rin wà létí ìró wọn. Mo sọ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Ojú wọn tàn, ó tàn gan-an, ó sì kú.

Wọ́n ní, "Rárá o. Mi ò ní bà á jẹ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kejì. Wá ẹni tí orí rẹ̀ pé."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò dọ̀bálẹ̀ báyẹn láti ìgbà tí mo ti di bàbá ọmọ, gbogbo àyà mi ló kanlẹ̀, àfọ́kù igbá ń gún mi. Mo ní, "Ìyá, orí yín pé. Alásárì ni mo sọ fún yín. Ojú yín ń tì mí ni, mo fẹ́ kí ẹ dé lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti lọ. Mo tún wá ní ẹ gbàgbé. Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo purọ́, lẹ́ẹ̀mejì." Mo ń sunkún. Mo sọ ti Gẹ̀ẹ́sì, mo sọ ti "Bísímílàhì" tí mo gé kúrò, mo sọ gbogbo ẹ̀.

Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọn ò bínú, wọn ò sọkún. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ gbọn erùpẹ̀ kúrò léjìká mi. "Dìde, ọmọ mi. Mo ti gbọ́. Dìde, ilẹ̀ tutù." Wọ́n wọlé, wọ́n mú igbá tó ní àgbọ̀nrín lẹ́yìn jáde, aṣọ ọjọ́ náà ṣì wà lára ẹ̀. Wọ́n ní kí n máa mú un lọ sí Ìbàdàn, kí ẹlòmíràn bá wa lù ú. Wọ́n gbàdúà fún mi, wọ́n sì padà wọlé. Mo rò pé wọ́n ti foríjì mí, mo tiẹ̀ rò pé ó ti tán. Àyà mi fúyẹ́ bí mo ṣe ń lọ wọ bàtà tí mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ibẹ̀ ni mo wà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́, nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ìyàwó ọmọ wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé.

"Ṣé o rí ọmọkùnrin yẹn? Ọmọ gidi ni. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ìdọ̀tí, ó parọ́ mọ́ ara rẹ̀, ó gbé gbogbo ẹ̀bi náà rù, kí ojú má baà tì mí. Wá bá mi so kókó kan sí etí ìró yìí, kí n má baà gbàgbé oore tó ṣe fún mi."